Ibi tí Iná inú Ẹ́ńjìnnì Ìlọlùbọ́ ti Wá: Ìtàn Ooru Méjì tí Afẹ́fẹ́ Ń Gbà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ iye kan ṣoṣo ni, iye kékeré tí ọmọdé lè kọ sórí síléètì: 1.4. Síbẹ̀, nítorí iye yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fi ṣi ìṣirò kan ṣe fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún; òun náà ni ó sì ń mú kí iná tàn nínú ẹ́ńjìnnì tí ń lọ èlùbọ́ fún wa ní Òkè-Ògùn títí di òní olónìí.

Ẹ jẹ́ kí a gba Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà ní agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, nínú ilẹ̀ ọ̀dàn, kò sì jìnnà sí igbó ẹranko tí ìjọba dá sí tí a fi orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé pè. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ibẹ̀: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọkà bàbà. Nígbà tí iṣu àti ẹ̀gẹ́ bá ti gbẹ lórí àpáta tán, ilé ìlọlùbọ́ ni ó kù.

Ẹni tí ó bá ti dúró rí níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì onídísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ yóò ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ náà yóò kọ́kọ́ gbé irin pélébé kan sókè, irin náà yóò sì mú kí ẹnu fáàfù ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ irin máa yí kẹ̀kẹ́ ńlá ara ẹ́ńjìnnì náà. Níwọ̀n ìgbà tí fáàfù bá wà ní ṣíṣí, ì báà yí i títí di alẹ́, iná kò ní mú, nítorí afẹ́fẹ́ tí písítìnì ń tì ń rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń sáré dáadáa, yóò dá irin pélébé náà padà, fáàfù yóò sì dé. Ẹ óò gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà yóò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, tí èéfín yóò sì yọ. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní àwọn tan ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìṣáná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò sí púlọ́ọ̀gì tí ń ta iná pàrà bí ti ọkọ̀ tí ń lo bẹntiróòlù. Níbo wá ni iná náà ti wá?

Inú afẹ́fẹ́ gan-an ni ó ti wá. Afẹ́fẹ́ tí a bá kì mọ́lẹ̀ ní kíákíá a máa gbóná fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fún táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìdí pọ́ǹpù náà yóò gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Bí a bá sì tẹ ẹnu fáàfù táyà tí ó kún, afẹ́fẹ́ tí ń sá jáde a máa tutù. Kí a má ṣì í mú o: ẹwìrì alágbẹ̀dẹ kì í ṣe irú èyí. Afẹ́fẹ́ inú ẹwìrì kò ní ìhámọ́ tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni láti gbé ọ́síjìn lọ bá èédú kí ó lè jó fòfò. Ti ẹ́ńjìnnì yàtọ̀. Láti mọ ìyàtọ̀ náà, àfi kí a padà sí ìtàn, kí a sì kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni ooru, ọ̀rọ̀ kejì ni ìwọ̀n ìgbóná. Ẹnu wa a máa lo méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù pàápàá sì lò wọ́n bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó là wọ́n níjà ni Joseph Black, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tláǹdì. Ní nǹkan bí ọdún 1760 ni ó rí i pé bí a bá fún ohun méjì tí ìwúwo wọn dọ́gba ní iye ooru kan náà, ìwọ̀n ìgbóná wọn kò ní gòkè bákan náà. Olúkúlùkù ohun ni ó ní bí inú rẹ̀ ti gba ooru tó.

Alágbẹ̀dẹ kò ṣàì mọ èyí. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ó fa àdá tí ó pọ́n yòò yọ nínú iná, tí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ tó 800 dígírì lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ó sì tì í bọ omi tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti àdá náà. Bí omi náà bá wà ní 30 dígírì tẹ́lẹ̀, tí a kò sì ka ìwọ̀nba tí yóò bá oruku omi lọ, gbogbo ooru inú irin náà kò lè mú omi yìí kọjá nǹkan bí 46 dígírì. Ìdí rẹ̀ ni pé kìlógíráàmù omi kan ń gba nǹkan bí 4,200 júùlù ooru kí ó tó gòkè ní dígírì kan, nígbà tí kìlógíráàmù irin kan ń gba 450 péré, tí ti òjé kò sì ju 130 lọ. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ mọ̀ pé omi ní ikùn ooru ju irin lọ. Black ni ó fi òṣùwọ̀n sí i.

Ọ̀rọ̀ irin àti omi rọrùn díẹ̀, nítorí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wú bí wọ́n bá gbóná. Ti afẹ́fẹ́ ni ó ní ìṣòro nínú. Bí a bá fẹ́ mú kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ kan gbóná sí i ní dígírì kan, ọ̀nà méjì ni a lè gbà. A lè há a mọ́ inú ìkòkò tí a dé pinpin, tí kò sí àyè fún un láti wú. Nǹkan bí 718 júùlù ni yóò gbà. A sì lè fi í sínú ohun tí ìdérí rẹ̀ lè gòkè, kí afẹ́fẹ́ náà lè wú bí ó ti ń gbóná. Nígbà náà, yóò gba nǹkan bí 1,005 júùlù. Kí ló dé? Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tí ń wú ń ṣiṣẹ́: ó ń ti ìdérí sókè. Ẹni tí ó jókòó sílé àti ẹni tí ó ń kọ ebè kò lè jẹ oúnjẹ kan náà.

Nínú ìjíròrò wa yìí, ẹ jẹ́ kí a máa pe ti àkọ́kọ́ ní ooru àhámọ́, kí a sì máa pe ti èkejì ní ooru àyè. Bí a bá fi ooru àhámọ́ pín ooru àyè, 1,005 sí ọ̀nà 718, ohun tí a ó rí ni 1.4. Àwọn onímọ̀ fi lẹ́tà Gíríìkì tí ń jẹ́ gámà ṣe àmì iye yìí. Bí gámà ti dé inú ayé ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ.

Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ooru rárá. Láti ìdí ohùn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ tí ó bá dúró lórí òkè kan, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì yìnbọn ní ọ̀kánkán, yóò kọ́kọ́ rí èéfín ìbọn kí ó tó gbọ́ ìró rẹ̀. Bí àárín wọn bá tó kìlómítà kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ni yóò kọjá láàárín méjèèjì. Ohùn kì í dé lójú ẹsẹ̀. Ó ní bí ó ti ń yára tó.

Isaac Newton ni ó kọ́kọ́ fi ìṣirò wá ìyára ohùn nínú ìwé ńlá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1687. Ó ronú pé bí ohùn ti ń lọ, ńṣe ni afẹ́fẹ́ ń sún mọ́ra, tí ó sì ń tú ká, tí ó tún ń sún mọ́ra. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le tó láti kì mọ́lẹ̀ ni ohùn yóò ṣe yára tó. Ìrònú yìí dára. Ìṣirò náà sì fún un ní 968 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi ìbọn àti aago wọ̀n ọ́n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni àlùfáà kan tí ń jẹ́ William Derham, ní ìlú Upminster, lẹ́bàá London. Derham a máa gun ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pẹ̀lú awò ìwòkèèrè àti aago, a máa wo bí iná ìbọn àgbá ti ń kọ ní òdì kejì odò Thames, a sì máa ka àsìkò títí ìró yóò fi dé etí rẹ̀. Iye tí ó rí ni 1,142 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣirò Newton kéré sí èyí gan-an.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí Newton fẹ́ tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ ní ọdún 1713, kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣirò òun àti ohun tí ayé rí kò bára mu. Ó tún ìṣirò náà ṣe díẹ̀, ó di 979. Ó wá ní àwọn ẹ̀kún afẹ́fẹ́ fúnra wọn gba àyè, ohùn sì ń fò kọjá nínú wọn lọ́gán; ó fi ìwọ̀nba kan kún un nítorí ìyẹn. Ó tún ní oruku omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ kì í bá ohùn mì. Ó tún fi ìwọ̀nba mìíràn kún un. Nígbà tí ó ṣe gbogbo rẹ̀ tán, iye tí ó bọ́ síbẹ̀ ni 1,142 gẹ́lẹ́, bí ẹni pé ó ti mọ ibi tí òun ń lọ kí ó tó gbéra. Ó sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́, nítorí iye Derham ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Newton kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Òun ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ipá tí ń mú èso já bọ́ náà ni ó ń mú òṣùpá yí ayé ká. Ṣùgbọ́n ní ti ohùn, ńṣe ni ó fa ìṣirò tí ó fi bá ìdáhùn mu. Ọ̀wọ̀ tí àwọn ènìyàn sì ní fún orúkọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà yanjú bọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀gá nínú ìṣirò bíi Euler àti Lagrange tọ ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀, ìyàtọ̀ náà sì wà síbẹ̀. Ní ọdún 1738, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Paris tún fi ìbọn àgbá wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí i pé ohùn yára ju ìṣirò lọ lóòótọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti èyí ju ogún ọdún lọ dáadáa.

Ẹni tí òtítọ́ náà tọwọ́ rẹ̀ wá ni Pierre-Simon Laplace, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1802, Jean-Baptiste Biot tẹ àlàyé kan jáde tí Laplace là á lójú sí, Laplace fúnra rẹ̀ sì fi ìṣirò rẹ̀ hàn ní ọdún 1816. Ohun tí ó sọ nìyí: Newton kò ka ooru sí. Newton gbà pé bí afẹ́fẹ́ bá ń sún mọ́ra tí ó sì ń tú ká, ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ kì í yí padà. Èyí lè rí bẹ́ẹ̀ bí a bá ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kì í, tí ooru sì ń ráyè tú jáde. Ṣùgbọ́n awọ ìlù kan ń gbọ̀n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ooru ibi tí afẹ́fẹ́ ti kì tó ráyè kúrò níbẹ̀, ìgbọ̀n mìíràn ti dé. Nítorí náà, ibi tí afẹ́fẹ́ ti sún mọ́ra gbóná díẹ̀, bí ó sì ti gbóná ni ó fi ipá púpọ̀ sí i ti èkejì rẹ̀, tí ohùn sì fi yára sí i.

Laplace fi hàn pé kí a mú ìyára tí Newton rí, kí a sì fi gbòǹgbò onípò-méjì iye gámà sọ ọ́ di púpọ̀. Gbòǹgbò 1.4 jẹ́ nǹkan bí 1.183. Ní dígírì òdo, ìṣirò Newton yóò fún wa ní 280 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìlọ́po 1.183 rẹ̀ jẹ́ 331, ohun tí etí àti aago sì sọ gan-an nìyẹn. A kò nílò ẹ̀kún afẹ́fẹ́, a kò sì nílò oruku omi. Ooru nìkan ni a gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọn gámà fúnra rẹ̀? Iye tí Laplace kọ́kọ́ lò tó 1.5, ìyẹn pọ̀ jù díẹ̀. Àwọn tí ó rí ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ ni Nicolas Clément àti Charles Desormes. Wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún ìdíje kan ní Paris ní ọdún 1812. Àwọn ẹlòmíràn ni ó gba ẹ̀bùn náà, ọdún 1819 ni iṣẹ́ tiwọn tó di títẹ̀ jáde. Lónìí, orúkọ tiwọn ni ó wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì káàkiri ayé.

Bí a ti ń ṣe é nílé-ẹ̀kọ́ lónìí nìyí. Ẹ mú ìgò ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ ṣe é dé pinpin, kí ẹ so rọ́bà olómi mọ́ ọn lára láti máa fi wọn ipá afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ẹ fún afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì dúró títí yóò fi tutù bọ̀ sípò. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé omi inú rọ́bà náà fi 14 sẹ̀ǹtímítà ga ní apá kan ju èkejì lọ. Ẹ ṣí ẹnu ìgò náà kíá, kí ẹ sì dé e padà lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti sá jáde, èyí tí ó kù sì ti tutù. Ẹ tún dúró. Bí ó ti ń padà gbóná dé ìwọ̀n yàrá náà, omi inú rọ́bà yóò tún gòkè díẹ̀. Bí ó bá gòkè tó 4 sẹ̀ǹtímítà, ẹ yọ 4 kúrò nínú 14, yóò ku 10. Ẹ wá fi 10 pín 14. Ìdáhùn rẹ̀ ni 1.4. Clément àti Desormes rí iye tí ó sún mọ́ 1.35, nítorí ooru a máa jò wọlé kí èèyàn tó dé ẹnu ìgò. Wọn kò fa á kí ó lè bá ti ẹlòmíràn mu. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ.

Laplace mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n ó ṣì gbà pé ooru jẹ́ nǹkan bí omi tí ń ṣàn láti inú ohun kan bọ́ sínú òmíràn. Ẹni tí ó lo ooru méjì yìí láti yí èrò náà padà ni Julius Robert Mayer, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Ní ọdún 1840, ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Holland tí ó lọ sí erékùṣù Java. Nígbà tí ó la iṣan àwọn atukọ̀ láti gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn pọ́n ju bí ó ti máa ń rí ní ilẹ̀ òtútù lọ. Ó ronú pé ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú bí tiwa, ara kò nílò láti sun oúnjẹ púpọ̀ kí ó tó móoru. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé orí ọ̀rọ̀ pé ooru àti iṣẹ́, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀kan lè di èkejì.

Ní ọdún 1842, Mayer mú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ooru àyè àti ooru àhámọ́. Ó ní ooru àlékún yẹn kò sọnù, kò sì fara pamọ́. Òun ni ó di iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi ti ìdérí sókè. Ó wá ṣírò rẹ̀ pé ooru tí yóò mú omi gòkè ní dígírì kan tó iṣẹ́ tí a fi ń gbé omi náà sókè ní 365 mítà. Lónìí, a mọ̀ pé 427 mítà ni. Àwọn iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò péye, ìrònú rẹ̀ kò ní àbùkù. Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni James Joule, ní Manchester, fi ọ̀nà mìíràn wọ̀n ọ́n títí tí kò fi sí iyèméjì mọ́.

Gámà kò tíì parí iṣẹ́. Nítrójìn àti ọ́síjìn tí ó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, méjì-méjì ni átọ́ọ̀mù wọn ń rìn bí ìbejì. Ìbejì yìí lè lọ sí iwájú, sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sí òkè, ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n sì lè yí po lọ́nà méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà márùn-ún tí ooru lè gbà wọlé. Bí àyè bá wà láti wú, iṣẹ́ tí ó ń ṣe tó ọ̀nà méjì sí i, ó di méje. Méje sí ọ̀nà márùn-ún ni 1.4. Ohun tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ bá ń dá rìn kò ní ju ọ̀nà mẹ́ta lọ. Bí a bá fi méjì kún un, ó di márùn-ún sí ọ̀nà mẹ́ta, èyí tí í ṣe 1.67. Ní ọdún 1876, August Kundt àti Emil Warburg wọn ti oruku mẹ́kúrì, 1.67 ni wọ́n sì rí. Nígbà tí Rayleigh àti Ramsay ṣàwárí gáásì tuntun tí wọ́n pè ní argon ní ọdún 1894, ìyára ohùn nínú rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé átọ́ọ̀mù rẹ̀ ń dá rìn ni. Ohun tí ojú kò lè rí, etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ilé ìlọlùbọ́ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a bí sí Paris ní ọdún 1858, béèrè fún ìwé-ẹ̀rí fún ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọdún 1892. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ náà wò ní ọdún 1893, ohun ìwọnpá ara rẹ̀ bú gbàù. Diesel kò fi èyí pamọ́ fún ara rẹ̀. Ó padà sídìí ìṣirò, ó dín ohun tí ó ń retí kù, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ ní Augsburg ní ọdún 1897.

Ẹ wo bí gámà ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ká ní písítìnì kì afẹ́fẹ́ títí ó fi gba ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún àyè tí ó gbà tẹ́lẹ̀. Gámà sọ fún wa pé ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀, bí a bá kà á láti ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ooru ti tán, yóò di ìlọ́po mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ tí ó wọlé ní 30 dígírì lórí òṣùwọ̀n Celsius yóò kọjá 600 dígírì lọ, bí kò bá jẹ́ pé ara irin ń gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tí a bá tú sínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò nílò ìṣáná. Yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà kò fi lè tàn nígbà tí fáàfù ṣí sílẹ̀: afẹ́fẹ́ tí ó ń rí ọ̀nà sá kò lè gbóná. Ìdí náà nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń ṣagídí ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wọlé ní 15 dígírì dípò 30, nǹkan bí 45 dígírì ni yóò fi dín nígbà tí a bá kì í tán, ara irin tí ó tutù yóò sì tún gba tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ń tan ẹ̀rọ lè máa bú ẹ̀rọ, kó sì máa bú oyẹ́. Ìtàn kan náà ni ó ń bá fà á.

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun tí mo fẹ́ kí a mú kúrò níbí nìyí. Nínú yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ wa, a sábà máa ń kọ ìdáhùn tí ìwé sọ sára pátákó kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan ohun èlò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí tirẹ̀ bá jẹ́ 1.31 yóò yáa pa á rẹ́, yóò sì kọ 1.40, nítorí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni máàkì wà. Ta ni nínú wa tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn yìí fi hàn pé inú ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni ìmọ̀ wà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 979 àti 1,142 ni ọ̀nà tí ayé gbà mọ gámà. Ẹni tí ó fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀ ni ó dá wa dúró, ẹni tí ó bi í léèrè ni ó là wá lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí 1.31, tí ó sì lè sọ pé ooru jò wọlé kí òun tó dé ìgò, ti mọ̀ ju ẹni tí ó da 1.40 kọ lọ. Ó yẹ kí á fún un ní máàkì fún un.

Ohun kejì ni pé èdè wa kò dí ìmọ̀ yìí lọ́nà. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ tí a wá sọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987 bẹ̀rẹ̀ ètò kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa wà nídìí rẹ̀, láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ètò náà fi hàn pé ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ kò rẹ̀yìn. Bí a bá lè sọ ooru àhámọ́ àti ooru àyè, tí ó sì yé alágbẹ̀dẹ àti ẹni tí ń tan ẹ̀rọ, kí ló dé tí kò ní í yé akẹ́kọ̀ọ́?

Kí n tó dákẹ́, iṣẹ́ kan wà tí ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ní Òkè-Ògùn lè ṣe láìná owó. Ẹ wá ibi gbalasa tí ojú ti lè rí kìlómítà méjì. Kí ẹnì kan dúró ní ìpẹ̀kun kan, kó máa ju aṣọ funfun sókè bó ti ń lu àgbá. Kí àwọn ìyókù dúró ní ìpẹ̀kun kejì pẹ̀lú aago. Bí Newton bá tọ̀nà, ní ọ̀sán tí ó tó 30 dígírì, ìró náà yóò pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá 6.8 kí ó tó dé. Bí Laplace bá tọ̀nà, yóò dé ní nǹkan bí 5.7. Ẹ má ṣe sọ fún àwọn ọmọ èyí tí yóò jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ẹni tí ó jàre.